Afara: ilé-iṣẹ́ puce tí ó jẹ́ orúkọ Yorùbá

Ní ọdún 2000, a dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe puce, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Afara Websystems. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ yìí kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èdè Faransé. Èdè wa ni. Afárá náà ni, èyí tí a ń gbà kọjá odò. Ẹni tí ó bá ti rin ilẹ̀ amọ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí ní àkókò òjò mọ ìwúlò afárá.

Ilé-iṣẹ́ náà kò pẹ́ láyé. Kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi tà á. Ṣùgbọ́n èrò kan ni ó torí rẹ̀ wáyé. Èrò náà ni pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń rọra ṣe iṣẹ́ pọ̀ sàn ju akọni kan ṣoṣo tí ń sáré títí ara rẹ̀ fi gbóná. Lónìí, irú èrò yẹn wà nínú tẹlifóònù tí ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní Tatonnonkon, ní Ikpinlè, ní Pobè àti níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni puce?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Nígbà tí a bá ra nọ́ńbà tuntun, ike pẹlẹbẹ kékeré tí a ń fi sínú tẹlifóònù ni a ń pè ní puce. Ṣùgbọ́n àpò lásán ni ike náà. Puce gan-an wà lábẹ́ irin aláwọ̀ wúrà tí ó wà lójú rẹ̀. Ègé kékeré kan ni, tí kò tó èékánná ìka. Silikọ́nì ni a fi ṣe é. Inú yanrìn ni a ti ń rí silikọ́nì, lẹ́yìn tí a bá ti fi iná líle yọ́ yanrìn náà, tí a sì ti yọ gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò.

Lórí ègé silikọ́nì yìí ni àwọn ohun tín-ín-tìn-tín kan wà tí a ń pè ní transistor. Àwọn àgbàlagbà wa mọ orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pe rédíò kékeré tí a ń gbé kiri láyé àtijọ́, nítorí pé transistor ni ó ń mú rédíò náà ṣiṣẹ́. Transistor dà bí ilẹ̀kùn tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, iná á kọjá. Bí ilẹ̀kùn bá tì, iná á dúró. Ṣíṣí dúró fún 1, títì dúró fún 0. Láti inú 1 àti 0 nìkan ni kọ̀ǹpútà ti ń rí lẹ́tà, àwòrán, ohùn àti ìṣirò owó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni a kọ́kọ́ ṣe transistor, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1958 àti 1959, Jack Kilby àti Robert Noyce, tí olúkúlùkù wọn wà ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, wá ọ̀nà láti kó ọ̀pọ̀ ohun bẹ́ẹ̀ jọ sórí ègé kan ṣoṣo. Ní ọdún 1968, Robert Noyce àti Gordon Moore dá ilé-iṣẹ́ Intel sílẹ̀. Ní ọdún 1971, Intel bẹ̀rẹ̀ sí í ta puce kan tí ó ń jẹ́ 4004. Odindi ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà lórí ègé kan náà, pẹ̀lú transistor 2 300.

Eré sísá mú ooru wá

Láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ puce ń bá ara wọn sá eré. Bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù, bẹ́ẹ̀ ni puce ń lù. Bí ó bá ti lù lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ìṣísẹ̀ kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Puce 4004 lè lù tó ìgbà 740 000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìparí ọdún 2002, Intel ń ta puce kan tí ó ń jẹ́ Pentium 4. Èyí tí ó yára jù nínú wọn ń lù ju ìgbà bílíọ̀nù 3 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Owó wà nínú eré yìí. Ẹni tí puce rẹ̀ bá yára jù ni àwọn oníbàárà ń tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ìṣòro kìíní ni ooru. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo. Bí a bá fi ipá mú un sáré ju bí ó ti yẹ lọ, yóò mu epo púpọ̀, yóò sì gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni puce. Bí ó bá ṣe ń sáré sí i ni ó ń jẹ iná sí i, iná tí ó sì jẹ ni ó ń di ooru. Bí ooru bá pọ̀ jù, puce lè bàjẹ́. Nítorí náà a ní láti fi fáànù fẹ́ ẹ. Bí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ̀rún kan bá wà nínú gbọ̀ngàn kan, ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun náà sì ń jẹ iná. Ẹni tí ó ni gbọ̀ngàn náà ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì: ó sanwó iná tí ó mú ooru wá, ó tún sanwó iná tí ó lé ooru lọ.

Ìṣòro kejì ni ìdúró. Puce kò lè kó gbogbo ohun tí ó ń lò sí ara rẹ̀. Ó ní ibi tí ó ti ń lọ mú wọn. Ibẹ̀ ni èdè Faransé ń pè ní mémoire. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní àká kọ̀ǹpútà, nítorí pé ó dà bí àká tí a ń kó àgbàdo sí. Puce ń yára sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ọ̀nà àká kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà tí puce bá rán níṣẹ́ sí àká, ó lè lù ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ kí èsì tó dé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìdúró lásán ni. Akọni sáré dé ojú iṣẹ́, ó wá jókòó ń retí ẹni tí yóò gbé ọkọ́ wá fún un.

Olùkọ́ kan ní Stanford

Ọkùnrin tí ó dá Afara sílẹ̀ ń jẹ́ Oyekunle Olukotun. Kunle ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Nàìjíríà ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1991, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Stanford, ní California. Agbègbè Stanford ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ puce pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Àfonífojì Silikọ́nì.

Ní ọdún 1996, Olukotun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé lọ́dọọdún ni iye transistor tí ó lè gba orí puce kan ń pọ̀ sí i. Ìbéèrè wọn ni pé: kí ni ó yẹ kí a fi gbogbo ààyè yìí ṣe? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fẹ́ fi kọ́ ọpọlọ ńlá kan ṣoṣo, kí ó túbọ̀ máa yára. Olukotun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé rárá. Wọ́n ní ó sàn kí a pín ààyè náà, kí a fi ọpọlọ kéékèèké púpọ̀ sí orí puce kan, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Ní Stanford, wọ́n fi èrò náà ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Hydra. Ọpọlọ 4 ni ó wà nínú ètò puce Hydra.

Èrò yìí kò ṣòro fún àwa àgbẹ̀ láti lóye. Bí oko bá tóbi, tí òjò sì ti ń bọ̀, a kì í wá alágbára kan ṣoṣo kí a máa lù ú ní pàṣán pé kí ó yára. A ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ wa, a ṣe àáró. Olúkúlùkù mú poro tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sáré ju agbára rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ilẹ̀ ń tán. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ṣùgbọ́n àáró kò bá gbogbo iṣẹ́ mu. Ènìyàn mẹ́wàá kò lè gun ọ̀pẹ kan lẹ́ẹ̀kan náà láti gé ìdì ẹyìn kan. Iṣẹ́ tí ó ṣeé pín nìkan ni àáró lè mú yára. Ohun tí àwọn oníyèméjì ń sọ nípa puce ọlọ́pọlọ púpọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà ni wọ́n ti kọ fún ọpọlọ kan ṣoṣo. Bí a bá fún un ní ọpọlọ mẹ́jọ, ẹyọ kan ni yóò lò, méje yòókù yóò sì ṣe ọ̀lẹ. Nítorí náà, bí Olukotun bá fẹ́ mú èrò rẹ̀ dé ọjà, ó ní láti kọ́kọ́ wá iṣẹ́ tí ó ti pín fúnra rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì mú iṣẹ́ náà wá

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dàgbà lójú gbogbo ènìyàn ní ọdún wọ̀nyẹn. Íntánẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà tí ẹnì kan bá ń wá ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá kan ní ibi jíjìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dáhùn. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn ń béèrè ohun tiwọn. Ìbéèrè ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ti ẹnì kejì.

Ọjà ni a lè fi wé e. Bí igba oníbàárà bá wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, tí olúkúlùkù sì fẹ́ ra ẹ̀kọ àti epo díẹ̀, kí ni ó dára jù? Ṣé ọlọ́jà kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí mànàmáná ni, tí gbogbo ènìyàn tò síwájú rẹ̀? Tàbí ọgbọ̀n ọlọ́jà tí ọwọ́ wọn mọ níwọ̀n, tí wọ́n jọ ń tà? Ẹni tí ó bá mọ ọjà mọ èsì.

Ọjà yìí ni Afara Websystems fi ojú sí. Olukotun kò dá nìkan ṣe é. Les Kohn ni olórí àwọn tí ó ya àwòrán puce náà. Ògbóǹtarìgì ni nínú iṣẹ́ yìí: ó ti ya puce fún Intel àti fún ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems rí. Fermi Wang wà lára àwọn tí ó darí ilé-iṣẹ́ náà. Sunnyvale, ìlú kan tí kò jìnnà sí Stanford, ni ibùdó wọn. Wọ́n pe puce tí wọ́n ń yà ní Niagara, orúkọ omi ńlá tí ń ya wálẹ̀ láti orí àpáta ní ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Ohun méjì ni Niagara fẹ́ ṣe. Àkọ́kọ́, yóò ní ọpọlọ 8 lórí puce kan. Ọpọlọ kọ̀ọ̀kan yóò kéré, kò sì ní í sáré àsápajúdé. Ooru yóò dínkù. Èkejì, yóò fi òpin sí ìdúró lásán tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Báwo ni yóò ṣe ṣe ti èkejì yìí? Ẹ wo ìyá tí ń ṣe epo pupa. Ó gbé ẹyìn ka iná. Kò jókòó ti agbada títí ẹyìn yóò fi jinná. Bí ẹyìn ṣe ń hó lórí iná, ó ń pa ẹ̀kùrọ́. Bí ó bá pa ẹ̀kùrọ́ díẹ̀, ó lọ pọn omi. Nígbà tí ẹyìn bá jinná, ó padà sídìí rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni, iṣẹ́ mẹ́ta ni, kò sì sí àkókò tí ó ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ọ̀kan nínú Niagara. Iṣẹ́ 4 ni a gbé síwájú rẹ̀. Bí iṣẹ́ kìíní bá ń retí èsì láti inú àká, ọpọlọ náà á yí sí ìkejì, sí ìkẹta, sí ìkẹrin. Ọpọlọ 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bójú tó iṣẹ́ 4: iṣẹ́ 32 ni puce kan ń mú lọ pọ̀.

Àkókò kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn

Ọ̀rọ̀ náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a tó rí puce kan tà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, owó oṣù wọn sì gbọ́dọ̀ máa wọlé. Lẹ́yìn náà, a ó san owó fún ilé iṣẹ́ ńlá tí yóò fín àwòrán náà sórí silikọ́nì. Bí àṣìṣe kékeré kan bá wà nínú àwòrán, ó lè di dandan kí a tún un fín. Ní gbogbo àkókò yìí, ilé-iṣẹ́ náà kò tíì ta ohunkóhun. Owó àwọn olùdókòwò ni ó ń ná.

Ọdún tí a dá Afara sílẹ̀ gan-an ni ọjà yí padà. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn olówó ń da owó sí ohunkóhun tí ó bá ti jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, iye ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ga dé góńgó lọ́jà ìpín ní Amẹ́ríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn. Àwọn olùdókòwò di àpò wọn pinpin.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Ẹni tí ń ra kọ̀ǹpútà ńlá fún báńkì tàbí fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kì í ra puce lásán. Ó ń béèrè ẹni tí yóò ṣe kọ̀ǹpútà odindi, ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, àti bóyá ẹni náà yóò ṣì wà ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ilé-iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ kò lè tètè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyẹn.

Ní ọdún 2002, Sun Microsystems ra Afara. A dá Sun sílẹ̀ ní ọdún 1982. Ó ń ṣe kọ̀ǹpútà ńlá, ó ní oníbàárà káàkiri ayé, ó sì ní irú puce tirẹ̀ tí ó ń pè ní SPARC. Ṣùgbọ́n òun náà wà nínú ìnira. Ìjábọ́ ọjà íntánẹ́ẹ̀tì ti dín àwọn oníbàárà rẹ̀ kù, puce àwọn mìíràn sì ń yára ju tirẹ̀ lọ. Bí Sun bá ń bá wọn sá eré kan náà lọ, ẹ̀yìn ni yóò máa wà. Niagara fún un ní ọ̀nà mìíràn.

Báyìí ni orúkọ Afara ṣe kúrò lójú pátákó. Ṣé òfò ni, àbí èrè? Ẹni tí ó fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ orúkọ Yorùbá dúró títí bí Intel lè sọ pé òfò ni. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá rí ẹni tí yóò rà á, àwòrán Niagara ìbá ti lè kú sínú àpótí. Ohun tí Sun rà kì í ṣe ilé tàbí ẹ̀rọ. Àwọn ènìyàn àti èrò inú wọn ni ó rà, èrò náà sì rí ibi tí yóò ti parí.

Niagara dé ọjà

Ó tún gba ọdún mẹ́ta. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, Sun gbé puce náà jáde. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní UltraSPARC T1. Transistor tí ó wà lórí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 250. Ó ní ọpọlọ 8, ó sì ń bójú tó iṣẹ́ 32, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Afara ti yà á. Ìlù rẹ̀ kò yára tó ti Pentium 4 rárá. Ṣùgbọ́n iná tí ó ń jẹ kò ju nǹkan bíi wáàtì 72 lọ. Gílóòbù iná àtijọ́ kan ṣoṣo lè jẹ wáàtì 75. Ní àkókò náà, àwọn puce ńlá mìíràn wà tí wọ́n ń jẹ ju wáàtì 100 lọ.

Kò sí ohun tí kò ní àléébù. Nínú T1, ọpọlọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń pín ẹ̀yà kan ṣoṣo lò fún ìṣirò onídẹ́símà, irú èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò rí i lò dáadáa. Fún dídáhùn ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ṣe é, ibẹ̀ sì ni ó ti tàn. Ní ọdún 2007, àbúrò rẹ̀ dé, UltraSPARC T2, tí ó ń bójú tó iṣẹ́ 64. Nínú rẹ̀, ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ti ní ẹ̀yà ìṣirò tirẹ̀.

Ní ọdún 2006, Sun ṣe ohun kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ puce kì í sábà ṣe. Ó ṣí àwòrán T1 sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ orúkọ OpenSPARC. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ibikíbi lè wo bí a ti kọ́ ọ, kí ó sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi gbogbo ògo fún ilé-iṣẹ́ kan. Ní ọdún 2001, IBM ti ta puce kan tí ó ní ọpọlọ 2. Ní ọdún 2004, Intel pa iṣẹ́ tì lórí puce kan tí ì bá sáré ju Pentium 4 lọ, nítorí ooru rẹ̀ ti ń kọjá ààlà. Ní ọdún 2005, Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í ta puce ọlọ́pọlọ 2 fún kọ̀ǹpútà tí a ń lò nínú ilé. Ibi tí Olukotun tọ́ka sí ní ọdún 1996 ni gbogbo wọn padà forí lé. Ohun tí ó mú Afara yàtọ̀ ni pé ó ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ọpọlọ kọ̀ọ̀kan kéré, kí wọ́n sì pọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣì ń sá eré.

Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Oracle parí ríra Sun fúnra rẹ̀, ó sì ń bá irú puce náà lọ fún ọdún bíi mélòó kan. Les Kohn àti Fermi Wang ti dá ilé-iṣẹ́ puce mìíràn sílẹ̀ ní ọdún 2004, tí ó ń jẹ́ Ambarella, fún iṣẹ́ kámẹ́rà. Olukotun kò kúrò ní Stanford. Ní ọdún 2017, òun pẹ̀lú Rodrigo Liang àti Christopher Ré dá SambaNova Systems sílẹ̀, láti ṣe puce fún àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ bí ènìyàn. Ní ọdún 2023, wọ́n fún Olukotun ní ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tí ó ga jù fún àwọn tí ń ya ọpọlọ kọ̀ǹpútà.

Ka ara páálí kí o tó ra tẹlifóònù

Kí ni ìtàn yìí wá wúlò fún wa? Ó wúlò ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ ra tẹlifóònù. Lára páálí ọ̀pọ̀ tẹlifóònù ńlá, a ó rí ọ̀rọ̀ kan tí ó parí sí "core". Core ni ọpọlọ. "Dual-core" túmọ̀ sí ọpọlọ 2. "Quad-core" túmọ̀ sí ọpọlọ 4. "Octa-core" túmọ̀ sí ọpọlọ 8, iye kan náà tí ó wà nínú Niagara.

Nínú ọ̀pọ̀ tẹlifóònù ọlọ́pọlọ 8, àwọn ọpọlọ náà kì í ṣe ẹgbẹ́. Díẹ̀ nínú wọn lágbára, àwọn yòókù kéré. Nígbà tí a bá ń gbọ́ rédíò tàbí tí a ń ka àtẹ̀jíṣẹ́, àwọn kékeré ni ó ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Nígbà tí a bá ń wo fídíò tàbí tí a ń ya àwòrán, àwọn alágbára lè dìde sí i. Fún ẹni tí kò ní iná nílé, tí ó ń sanwó kí wọ́n tó bá a gba iná sí tẹlifóònù rẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹtàjà fi nọ́ńbà 8 nìkan tàn yín. Ẹ rántí ìṣòro ìdúró. Bí àká bá kéré, ọpọlọ mẹ́jọ yóò jókòó ń retí. Nítorí náà, ẹ wo "RAM" lára páálí pẹ̀lú. Àká tí tẹlifóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni. "Go" ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́ ní èdè Faransé: 2 Go, 4 Go, 8 Go. Bí ó bá ṣe pọ̀ sí ni ìdúró ń dínkù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà níwájú "mAh". Ó ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà ti pọ̀ tó. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó yẹ kí a kà pọ̀: ti ọpọlọ, ti àká àti ti bátìrì. Ẹni tí ó bá kà wọ́n fúnra rẹ̀ kò ní láti gba ọ̀rọ̀ òǹtàjà gbọ́ lásán.

Orúkọ Afara kò sí lára páálí kankan. Ilé-iṣẹ́ náà ti tán láti ọdún 2002. Ṣùgbọ́n a kì í kọ́ afárá kí a lè máa gbé orí rẹ̀. A ń kọ́ ọ kí ènìyàn lè kọjá, wọ́n sì ti kọjá.